Bí ilé ìwòsàn kéékèèké ní Èkìtì ṣe lè mú kí aláìsàn jẹjẹrẹ púpọ̀ sí i rí ọ̀nà wọ inú ìwádìí ìtọ́jú

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì àti alákòóso ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkọ̀lé, Ìjerò, Ẹ̀fọ̀n, Òmùò, Ọ̀tùn àti àwọn ìlú tó jọ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí sí. Gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu wa nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwádìí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń dán ìtọ́jú wò lára aláìsàn tó bá gbà, bá délẹ̀: "Àwọn ènìyàn wa kì í gbà." Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí a tó lè sọ pé ẹnìkan kọ̀, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti bi í. Ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí kó èsì oríṣiríṣi iṣẹ́ jọ ní 2021, wọ́n sì rí i pé nínú aláìsàn jẹjẹrẹ 100 tí wọ́n fi ìwádìí ìtọ́jú lọ̀, bí 55 ló gbà. Iṣẹ́ mìíràn tó ṣáájú rẹ̀ ní 2019 sọ ibi tí àwọn tó kù ń há sí: ó lé ní ìdajì aláìsàn tí kò sí ìwádìí kankan fún irú àìsàn wọn ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń lọ, bí 1 nínú 5 sì ni kò bá òfin ìwádìí náà mu. Bí 8 péré nínú 100 ló wọlé. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ìjọba ti ń gbé ìwádìí jẹjẹrẹ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò láti 1983. Tiwa kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí aláìsàn ti ń já sọnù ní ọ̀nà jọra. Fún Nàìjíríà, ìṣirò 2022 ní àwọn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún náà lé ní 127,000, àwọn tó sì kú lé ní 79,000. Ti ọmú, ti prostate lára ọkùnrin àti ti ẹnu ilé ọmọ ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn náà ló sì ń wọlé wá bá yín.

Nítorí náà, ìtọ́sọ́nà yìí kò dá lórí ìpolówó lórí rédíò. Ọ̀nà tó wà láàárín ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ fi kókó han nọ́ọ̀sì àti ọjọ́ tí ẹnìkan jókòó tì í láti bi í ni a fẹ́ tún ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwádìí tó wà nítòsí

Ẹ ò lè fi ohun tí ẹ ò mọ̀ lọ ènìyàn. Ẹ yan ẹnì kan, nọ́ọ̀sì ni mo fara mọ́ jù nítorí pé dókítà wa ń ṣí kiri, kí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti máa pe ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó yí wa ká ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan: EKSUTH ní Adó, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti UCH ní Ìbàdàn. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ìwádìí jẹjẹrẹ wo ni ẹ ń gba ènìyàn sí lọ́wọ́? Irú aláìsàn wo ni ẹ ń wá? Ta ni mo lè pè lọ́jọ́ tí mo bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ilé-Ifẹ̀ ṣe pàtàkì fún wa. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ARGO fìdí sí, tí àwọn dókítà wa àti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York jọ ń ṣèwádìí, pàápàá lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ilé-Ifẹ̀ àti Èkó náà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí ARETTA, tí àwọn obìnrin tó ní irú jẹjẹrẹ ọmú kan tí wọ́n ń pè ní HER2 ti gba oògùn trastuzumab, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ, pẹ̀lú kímò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá ń sọ pé òkè òkun nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ti Ifẹ̀ fún un.

Ẹ lè wo orí ClinicalTrials.gov àti PACTR, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ìwádìí ti ilẹ̀ Áfíríkà, lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan. Ìwádìí lè ti kún kí wọ́n tó yí ohun tó wà níbẹ̀ padà. Ipe fóònù ló dájú.

Gbogbo ohun tí ẹ bá rí, ẹ kọ ọ́ sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí dókítà ti ń rí aláìsàn. Bí ó bá ju ojú ìwé kan lọ, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ẹ tọ́jú ègé kókó tí ẹ gé

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, nítorí pé tíátà kékeré ni a ti ń pàdánù aláìsàn tó pọ̀ jù, kò sì sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ọ̀rọ̀ ìwádìí.

Ẹ wò ó báyìí. Obìnrin kan wá pẹ̀lú kókó ní ọmú. Wọ́n gé e. Wọ́n jù ú sínú ike tí omi wà nínú rẹ̀, tàbí spirit, tàbí kí wọ́n dì í lé àwọn ẹbí lọ́wọ́ nínú ọ̀rá pé kí wọ́n gbé e lọ sí lábù ní Adó. Owó lábù kò tíì pé, ni ike bá jókòó sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó máa fi dé lábù, ẹran ti bàjẹ́. Dókítà lábù lè rí i pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú èyí tó jẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú máa bèèrè nìyẹn: ER, PR àti HER2, àwọn àmì lára ẹran kókó tó ń sọ irú jẹjẹrẹ ọmú tó jẹ́, ńkọ́? Ẹni tí kò bá ní èsì yẹn kò sí nínú ẹni tí wọ́n máa pè. Kò tilẹ̀ ní rí ìtọ́jú tó bá a mu gbà, ká ti yọ ìwádìí kúrò níbẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí:

Fọ́málìn ni kí ẹ lò, èyí tí wọ́n ti pò dé ìwọ̀n 10 nínú 100 tó sì ní bọ́fà. Kí ó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kan aláìsàn. Kí ègé náà wọ inú rẹ̀ láàárín wákàtí 1 tí ẹ gé e. Kí fọ́málìn pọ̀ tó ìlọ́po 10 ègé náà. Bí kókó bá tóbi, ẹ là á kí fọ́málìn lè wọ àárín rẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá sọ odidi kókó sínú ìgò tóóró, ẹ̀yìn nìkan ló máa gbà, inú á rà. Ẹnu ìgò náà gbọ́dọ̀ fẹ̀: ẹran tó bá wọlé tìpátìkúùkù kì í jáde mọ́ lẹ́yìn tó bá le.

Kí ó wà nínú fọ́málìn fún wákàtí 6 ó kéré tán, kí ó má sì ju wákàtí 72 lọ kí lábù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹ kọ aago tí ẹ gé e sí ara ìgò pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà káàdì, àti ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti gé e, ọ̀tún ni tàbí òsì. Ara ìgò ni mo wí, kì í ṣe ara ìdérí. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ìdérí.

Ọ̀rọ̀ gbígbé e lọ: ẹ má gé kókó ní ọjọ́ Ẹtì bí mọ́tò lábù kò bá lọ títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ wá awakọ̀ kan tó ń lọ sí Adó tàbí Ìdó ní ọjọ́ kan pàtó lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa ko iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Kí lábù fi èsì ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn tààrà. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹbí nìkan ni èsì ń gbà wá, apá kan máa dúró sí ilé wòlíì, apá kan sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ ní ìwé kan

Rẹ́jísítà lásán ni, ìwé ńlá tí à ń rà ní ọjà. Gbogbo ẹni tí èsì rẹ̀ bá fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, kí ó wọ inú rẹ̀, yálà ẹ mọ ìwádìí tó bá a mu tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ fa ìlà fún nọ́ńbà káàdì, ọjọ́ orí, ibi tí àìsàn wà, bí ó ṣe tàn dé, ìwádìí tí ẹ rò pé ó lè bá a mu, ọjọ́ tí ẹ bá a sọ̀rọ̀, ìdáhùn rẹ̀. Ìlà tó ṣe pàtàkì jù ni ti ìparí: kí ló dé tí kò wọlé? Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an. "Kò sí owó mọ́tò." "PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara) kéré." "A gbàgbé láti bi í." Ẹ fi èyí tó kẹ́yìn yẹn síbẹ̀ láìtijú; ẹ máa rí i pé ó pọ̀.

Nípa fóònù, ẹ gba nọ́ńbà méjì ó kéré tán: ti aláìsàn, àti ti ẹni tó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kí ẹ sì kọ bí a ṣe ń dé ilé rẹ̀, nítorí pé "Ilé Bàbá Kápẹ́ńtà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì CAC" wúlò ju nọ́ńbà ilé tí kò sí lọ. Orúkọ àti àwòrán aláìsàn kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp ẹgbẹ́. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ń bẹ, ìtìjú aláìsàn sì ń bẹ. Bí ẹ bá fẹ́ bi dókítà jẹjẹrẹ ní Adó léèrè, ọjọ́ orí àti èsì àyẹ̀wò ti tó.

Ẹ mọ ẹni tí ara rẹ̀ lè gbé e

Ọ̀pọ̀ ìwádìí kì í gba ẹni tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni ECOG, láti 0 dé 4, kò sì le rárá láti fi ìbéèrè ilé wa wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ ṣì ń lọ sóko bí ti tẹ́lẹ̀? 0 nìyẹn. Ẹ ò lè roko mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ń se oúnjẹ, ẹ ń jókòó tajà? 1 nìyẹn. Ẹ ń wẹ̀ fúnra yín, ẹ ń dìde rìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ṣeé ṣe mọ́? 2. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ ti ń lo èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́? 3. Ẹni tí wọ́n ń gbé dìde ni 4. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ń wá 0 àti 1, díẹ̀ ń gba 2.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ní kíákíá. Ẹni tí PCV rẹ̀ kéré, ẹ má yọ orúkọ rẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà, kí ẹ tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà tí a bá kápá rẹ̀ kì í sábà dí ènìyàn lọ́nà. HIV pàápàá, ẹ bèèrè kí ẹ tó sọ pé kò ṣeé ṣe, torí pé àwọn ìwádìí kan ń gba ẹni tó bá ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Bí a ṣe ń bi aláìsàn

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ohun tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn jà ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan kú, àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni, ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ní 2009 ilé iṣẹ́ náà sì gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ Kánò. Bí aláìsàn bá dá a sílẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má sì sọ pé irọ́ ni. Ẹ sọ ohun tó yàtọ̀ lónìí fún un: òfin ìlera ti 2014 ní kò sẹ́ni tó lè fi ẹnikẹ́ni ṣèwádìí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ síwèé lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ohun rere àti búburú inú rẹ̀ fún un, NAFDAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìdánwò oògùn, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ náà sì wà lórí ìwé tó máa mú lọ sílé.

Ibi tí ẹ ti ń bi í ṣe kókó. Kì í ṣe lórí ìlà, kì í ṣe níwájú àwọn tó ń dúró gba káàdì. Ẹ fà á sí yàrá, ẹ jókòó kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé. Ẹ fi èdè Èkìtì bá a sọ ọ́ bí èdè Èkìtì ló gbọ́ jù. Ìwé ìfọwọ́sí tí wọ́n fi Yorùbá ìwé kọ, ìyá àgbà láti Òmùò lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kó má sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ó lè lọ báyìí:

"Màmá, ẹ kú ìjókòó. Èsì kókó tí wọ́n gé ti dé. Jẹjẹrẹ ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà. Ohun mìíràn tún wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ní Ifẹ̀, wọ́n ń ṣe ìwádìí kan fún irú àìsàn yìí."

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi mí kọ́ṣẹ́?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè, Màmá. Oògùn tí gbogbo ayé ń lò fún un, ẹ máa gbà á, ẹ wà nínú ìwádìí o, ẹ ò sí níbẹ̀ o. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá bí a bá fi oògùn kejì kún un, ara máa yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ò tíì mọ̀. Ó lè ṣàǹfààní, ó sì lè má ṣe é, ó sì lè mú èébì tàbí àárẹ̀ wá. Àwọn kan máa gba méjèèjì, àwọn kan máa gba ẹyọ kan. Kì í ṣe dókítà ló ń yàn, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ gègé. Bí ẹ bá sì ní ẹ ò ṣe, èmi yìí náà ni màá máa tọ́jú yín. Ẹ lè gbà lónìí kí ẹ ní ẹ ò ṣe mọ́ lọ́la."

Bí ìwádìí kọ̀ọ̀kan ṣe rí ló máa pinnu ohun tí ẹ máa sọ, nítorí náà ẹ kà á yé kí ẹ tó la ẹnu. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí Màmá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tó gbọ́. Bí ó bá ní "ẹ ní oògùn tuntun náà máa wò mí sàn," kò tíì yé e. Ẹ tún un sọ.

Ẹ má gba ìfọwọ́sí lọ́jọ́ náà bí kò bá pọn dandan. Ẹ ní kí ó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nílé wa, ọmọ tó wà ní Èkó tàbí London tó ń fowó ránṣẹ́ ló sábà ń sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ pè é lórí fóònù, kí Màmá wà níbẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Màmá ni ìwé wà. Ọmọ ò lè gbà fún un, kò sì lè kọ̀ fún un, níwọ̀n ìgbà tí orí rẹ̀ bá pé. Bí kò bá lè kọ̀wé, kí ó tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí tí kò sí lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí, kí ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ síbẹ̀.

Ohun kan tó le ni ti ẹbí tó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Màmá mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni." Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ orúkọ àìsàn rẹ̀ kò lè fọwọ́ sí ìwádìí, ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹbí, kí ẹ sì bá wọn wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ fún un. Àgbà ti máa ń fura tipẹ́.

Ti wòlíì àti babaláwo: ẹ má bá wọn jà. Ẹ bèèrè àgbo tí aláìsàn ń mu, nítorí pé àwọn kan lè da oògùn rú, ìwádìí sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá fi ẹnu kẹ́gàn rẹ̀, kò ní jáwọ́ nínú mímu, á kàn dẹ́kun sísọ fún yín ni.

Ọ̀nà jíjìn àti owó mọ́tò

Láti Òmùò dé Ifẹ̀, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tí kímò ń dà láàmú. Kí ẹ tó rán aláìsàn lọ, ẹ béèrè ohun tí ìwádìí náà máa san. Oògùn ìwádìí àti àyẹ̀wò tó jẹ́ tirẹ̀ sábà ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìtọ́jú tó kù lè má jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Owó mọ́tò àti oúnjẹ kò lòdì sí òfin bí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ bá ti fọwọ́ sí i. Ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n san án lọ́jọ́ tí aláìsàn bá dé, kì í ṣe pé kó máa dúró de rìsíìtì.

Ohun tó tún sàn jù ni kí apá kan nínú iṣẹ́ náà wá bá aláìsàn nílé. Ẹ bi olórí ìwádìí bóyá ilé ìwòsàn yín lè máa gba ẹ̀jẹ̀, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kọ ohun tó ń ṣe aláìsàn sílẹ̀ láàárín ìgbà tó máa lọ sí Ifẹ̀ tàbí Adó. Fún èyí, ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ilé ìwòsàn yín, àwọn tó máa ṣe é sì gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ GCP, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń ṣe ìwádìí ìtọ́jú lọ́nà tó tọ́. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ The Global Health Network, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí ó ju ẹnì kan lọ tó ṣe é. Wọ́n ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba kiri, wọ́n sì ń yanṣẹ́ lódì. Ẹ kọ ẹni tí aláìsàn máa pè lásìkò ìyanṣẹ́lódì sínú káàdì rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ má tètè gbà láti tọ́jú oògùn pa mọ́. Trastuzumab, fún àpẹẹrẹ, ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 ló gbọ́dọ̀ wà. Bí kò bá sí sólà tó ń gbé fíríìjì náà, ẹ jẹ́ kí oògùn dúró síbi tí iná wà.

Ẹ padà sórí ìwé náà lóṣooṣù

Ní ọjọ́ kan lóṣù, kí dókítà, nọ́ọ̀sì, ará lábù àti ẹni tó ń ṣe káàdì jókòó ti rẹ́jísítà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ka ìlà ìparí yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdí tó bá fara hàn jù, òun nìkan ni kí ẹ dojú kọ lóṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ègé kókó ló ń bàjẹ́, ẹ ra fọ́málìn. Ẹ má lọ ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn lọ́balọ́ba. Bí ó bá jẹ́ "a gbàgbé láti bi í," kí ẹni tó ń ṣe káàdì lẹ pépà aláwọ̀ mọ́ ara fáìlì gbogbo ẹni tó ní jẹjẹrẹ, kí dókítà má lè ṣí i láìrí i. Kí nọ́ọ̀sì tó ń pe Ifẹ̀ àti Adó sì bi wọ́n pé àwọn tí a rán wá lóṣù tó kọjá ńkọ́: ta ló dé, ta ni wọn ò gbà, kí ló fà á? Èsì tó bá gbà lẹ́nu wọn, kí ó kọ ọ́ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà gan-an.